Wíwò àti Rírí: Ìtàn Títọpa Ojú nínú Ẹ̀kọ́ Awakọ̀ Òfuurufú

Ní Alákíà, ní ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, ni pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìbàdàn wà, èyí tí ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ Samuel Ládòkè Akíntọ́lá pè ní ọdún 2023. Àgbẹ̀ tí ó bá ń roko ní abúlé ìtòsí rẹ̀ a máa gbé ojú sókè bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ wá balẹ̀. Ó ń rí apá ọkọ̀ náà, ó ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó nà sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ lékeléke, ó sì ń gbọ́ híhó rẹ̀. Ohun kan wà tí àgbẹ̀ yìí kò lè rí, tí ẹni tí ó jókòó ti awakọ̀ pẹ́kípẹ́kí pàápàá kò lè rí ní àrídájú: ibi tí ojú awakọ̀ ń lọ láti àáyá kan dé èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ìrìn ojú yìí ni ẹ̀mí gbogbo èrò inú ọkọ̀ rọ̀ mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 3 oṣù November, ọdún 2023, ọkọ̀ kékeré kan tí ó ti Àbújá bọ̀ kò balẹ̀ ire ní pápá yìí. Inú koríko ni ó bá ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ohun tí ó fà á kọ́ ni a mẹ́nu bà níhìn-ín. Kò sí ẹni tí ó kú, ìyẹn sì tó ọpẹ́. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 20 oṣù November, ọdún 1969, ọkọ̀ VC10 ti Nigeria Airways tí ó ti London bọ̀, tí ó ti ya Róòmù àti Kánò, ń sún mọ́ Ìkẹjà láti balẹ̀. Ó ku nǹkan bíi kìlómítà 13 kí ó dé ojú ọ̀nà tí yóò balẹ̀ sí ni ó fi ara kọ́ igi inú igbó, tí ó sì já lulẹ̀. Èrò 76 àti òṣìṣẹ́ 11 ni ó wà nínú rẹ̀. Gbogbo àwọn 87 náà ni ó bá ọ̀ràn náà lọ. Àwọn olùwádìí kò rí ìdí rẹ̀ ní àrídájú. Ohun tí ìròyìn wọn sọ ni pé àwọn awakọ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ wálẹ̀ kọjá ibi tí kò léwu nígbà tí wọn kò mọ bí wọ́n ti ga tó, tí wọn kò sì rí ilẹ̀ mọ́. Pé ó sì jọ pé awakọ̀ àti igbákejì rẹ̀ kò fi ojú sí àwọn aago ọkọ̀ tó bí ó ti yẹ. Wọn kò sì yọ àárẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ náà kò lè ju “ó jọ pé” lọ. Ọwọ́ a máa fi ipa sílẹ̀: a lè bá ọ̀pá ìdarí ní ibi tí ọwọ́ gbé e sí. Ohùn a máa fi ipa sílẹ̀, bí ọkọ̀ bá ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kò ní ipasẹ̀. Ó wo ibí, ó wo ọ̀hún, ó sì dákẹ́. Bí ènìyàn ṣe wá ọ̀nà láti rí ipasẹ̀ ohun tí kò ní ipasẹ̀ yìí, kí wọ́n tó lè fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà, ni ìtàn tí ó wà níwájú wa.

Ẹni tí kò tíì jókòó sí iwájú ọkọ̀ òfuurufú lè rò pé fèrèsé ni awakọ̀ ń wò ní gbogbo ìgbà, gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ akẹ́rù tí ń lọ sí Ìwó ti ń wo ọ̀nà. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìkùukùu tàbí nínú òkùnkùn biribiri, fèrèsé di ògiri. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ara ènìyàn a máa parọ́ níbẹ̀. Omi inú etí, tí ń sọ fún wa lórí ilẹ̀ pé a dúró ṣánṣán, lè máa sọ pé ọkọ̀ ń lọ gbọọrọ nígbà tí ó ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó sì ń yí lọ sílẹ̀. Láti bọ́ lọ́wọ́ irọ́ yìí ni a ṣe to àwọn aago síwájú awakọ̀: ọ̀kan ń sọ bí ọkọ̀ ti ga tó, ọ̀kan ń sọ bí ó ti ń sáré tó, ọ̀kan ń fi hàn bí apá rẹ̀ ti tẹ̀ sí tàbí bí imú rẹ̀ ti gbé sókè, ọ̀kan ń sọ ibi tí ó dojú kọ, ọ̀kan sì ń sọ bí ó ti ń yára gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù September, ọdún 1929, ní New York, James Doolittle gbé ọkọ̀ gòkè, ó yí i ká, ó sì mú un balẹ̀, nígbà tí ìbòrí bo ibi ìjókòó rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ó rí ìta rárá. Awakọ̀ mìíràn wà nínú ọkọ̀ náà fún ààbò, ṣùgbọ́n aago ni Doolittle fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè tuntun ti dé. Aago wo ni kí ojú wò? Nígbà wo? Báwo ni kí ó ti pẹ́ níbẹ̀ tó? Ojú kò lè ka gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ibi tí ojú ènìyàn ti ń rí nǹkan kedere kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju àtàǹpàkò ẹni tí ó na apá síwájú lọ. Ìyókù kò mọ́lẹ̀ tó láti fi ka nọ́ńbà. Nítorí náà, fífò ni ojú ń fò kiri, ní nǹkan bí ìgbà mẹ́ta nínú àáyá kan. Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́ orí. Ọ̀ràn awakọ̀ le ju ti alákàn lọ, nítorí orí tí ó ń ṣọ́ ju ẹyọ kan lọ.

Báwo ni a ṣe ń kọ́ ènìyàn ní ìrìn ojú? Nínú iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Yorùbá, wíwo ọ̀gá ni ẹ̀kọ́. Ọmọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ń wo bí òòlù ti ń sọ̀ sórí irin. Ọmọ iṣẹ́ ahunṣọ ń wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ lórí òfì. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe hàn gbangba, ṣùgbọ́n èyí tí ojú ń ṣe wà ní ìkọ̀kọ̀. Ọmọ tí ń kọ́ ọkọ̀ èrò wíwà lójú ọ̀nà Ẹgbẹ́dá lè fi ọdún méjì wo bí ọ̀gá rẹ̀ ti ń yí jíà, kí ó má sì mọ iye ìgbà tí ọ̀gá náà ń wo díńgí. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ lè má mọ̀. Bí a bá bi í léèrè, yóò ní, “Gbogbo ibi ni mò ń wò.” Kò parọ́, ìmọ̀ tí ó ti wọ ara tán ni kò ṣe é kà sílẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfuurufú rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Emanuel Peter John Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó tí a bí ní 1914, ni àkọsílẹ̀ fi hàn gẹ́gẹ́ bí ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó di awakọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni, jàǹbá ọkọ̀ ni ó sì pa á ní oṣù January, ọdún 1945. Ní ìgbà tirẹ̀, ẹ̀rọ tí ó gbajúmọ̀ jù fún ìdánrawò lórí ilẹ̀ ni Link Trainer, èyí tí Edwin Link, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ ṣe ní 1929. Àpótí onígi tí a gé bí ọkọ̀ kékeré ni. Akẹ́kọ̀ọ́ a wọlé sínú rẹ̀, wọn a pa ìdérí dé mọ́ ọn lórí, àwọn aago a sì máa yí bí ẹni pé ó wà lókè. Lórí tábìlì olùkọ́, ẹ̀rọ kékeré kan a máa rìn lórí bébà, a máa fa ìlà ọ̀nà tí “ọkọ̀” náà gbà. Orúkọ tí àwọn òyìnbó sọ ẹ̀rọ afàlà yìí ni alákàn. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti gbọ́ òwe wa.

Ṣùgbọ́n alákàn yìí kò ní ojú. Ó fi àṣìṣe hàn, kò fi orísun àṣìṣe hàn. Olùkọ́ rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣìnà, kò rí aago tí akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbé láti wò. Àwọn olùkọ́ ilé-ìwé mọ irú ìṣòro yìí dáadáa: ìdáhùn ìṣirò tí kò tọ́ wà níwájú wọn, ọmọ kò sì kọ iṣẹ́ tí ó ṣe sílẹ̀.

Bóyá ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé inú ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ni ọ̀nà àbáyọ ti kọ́kọ́ yọ. Ní ìlú Paris, ní ìparí àwọn ọdún 1870, ilé ìwádìí Louis Émile Javal, oníṣègùn ojú, fi hàn pé ojú ẹni tí ń kàwé kì í yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí ìlà. Ó ń fò, ó ń dúró, ó tún ń fò. Edmund Huey ní Amẹ́ríkà fẹ́ rí ìfò náà lórí bébà. Ní 1898 ó kọ ìwé lórí bí ó ṣe ṣe é: ó fi oògùn kú ojú, ó gbé ìdérí kékeré tí a fi ẹfun pílásítà ṣe lé ẹyinjú, pẹ̀lú ihò ní àárín kí ojú lè ríran, ó sì so ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn tí ń kọ gbogbo ìfò ojú sórí bébà tí a fi èéfín kùn. Kò sí olùkọ́ tí yóò fẹ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ó dùn mọ́ni pé ní 1901, Raymond Dodge àti Thomas Cline rí ọ̀nà tí kò fi ọwọ́ kan ojú rárá: wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú, wọ́n sì ya fọ́tò ìtànṣán tí ó ta padà láti ara rẹ̀. Láti inú ìtànṣán yẹn ni gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e ti jáde.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó gbé ọ̀ràn náà kúrò lórí ìwé lọ sínú ọkọ̀. Ní Wright Field, ní ìpínlẹ̀ Ohio, Paul Fitts àti Richard Jones kó ìròyìn àṣìṣe àwọn awakọ̀ jọ, wọ́n sì gbé 270 tí ó jẹ mọ́ aago kíkà jáde ní 1947. Aago gíga ọlọ́wọ́ mẹ́ta wà lára àwọn ọ̀daràn inú rẹ̀. Ọwọ́ kan ń ka ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà, ọ̀kan ń ka ẹgbẹ̀rún, ọ̀kan ń ka ẹgbàárùn-ún. Ẹni tí ó bá ṣi wọ́n kà lè rò pé òun wà lókè réré nígbà tí igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ìdájọ́ Fitts lórí ọ̀ràn yìí mú ọgbọ́n dání: bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí orí wọn pé bá ń ṣe àṣìṣe kan náà, kí a yẹ aago wò kí a tó bú ènìyàn.

Ní nǹkan bí àkókò kan náà ni Fitts, Jones àti John Milton gbé kámẹ́rà sinimá sínú ọkọ̀, wọ́n sì ń ya ojú awakọ̀ bí ó ti ń fi aago balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn jókòó ti àwòrán náà, tí wọ́n ń wò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń kọ ibi tí ojú wà sílẹ̀. Iṣẹ́ àṣelàágùn gbáà ni. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1950 ṣì wúlò títí di òní, nítorí ó kọ́ ayé ní bí a ti ń ka ìrìn ojú. Iye ìgbà tí ojú lọ sí aago kan ń sọ bí aago náà ti ṣe pàtàkì tó. Bí ojú ti pẹ́ lórí rẹ̀ tó ń sọ bí ó ti ṣòro kà tó. Ọ̀nà tí ojú ń gbà láti aago kan dé òmíràn ń sọ bóyá a tò wọ́n dáradára tàbí a kò tò wọ́n dáradára.

Àbùkù ọ̀nà náà ni pé ó pẹ́. Kí a tó fọ fíìmù, kí a tó kà á tán, akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sí ilé rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó dé lẹ́yìn oṣù kan kì í ṣe ẹ̀kọ́, ìròyìn ni. Ní àwọn ọdún 1970, ní ilé ìwádìí Langley ti NASA ní Virginia, wọ́n mú ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní oculometer wọ inú ọkọ̀ ìdánrawò, èyí tí kì í kúrò nílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí ni ẹ̀rọ náà ń tàn sí awakọ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ a ta padà láti ara awọ mímọ́ gaara tí ó bo iwájú ẹyinjú, a sì hàn bí ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ kan. Ọmọlójú náà a hàn ní tirẹ̀. Bí orí bá dúró tí ojú nìkan yí, ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọlójú yóò rìn. Àlàfo tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò ibi tí ojú kọ sí. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, awakọ̀ a kọ́kọ́ wo àwọn àmì tí a ti mọ àyè wọn, kí ẹ̀rọ lè mọ ojú rẹ̀, nítorí ojú ẹnì kan kò rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹlòmíràn. Lónìí, kámẹ́rà náà ti kéré tó láti wà lára férémù awò ojú. Ìlànà rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Amos Spady àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Langley bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ yìí kọ́ni. Wọ́n lo téèpù tí ó fi àwòrán àwọn aago hàn, pẹ̀lú àmì kékeré kan tí ń fò lórí wọn gẹ́gẹ́ bí ojú awakọ̀ tí ó dáńtọ́ ti ń fò. Ìkọ̀kọ̀ ọ̀gá ti di ohun tí ọmọ iṣẹ́ lè wò. Olùkọ́ pẹ̀lú lè rí ojú akẹ́kọ̀ọ́ lójú ẹsẹ̀, bí iṣẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́. Ní 1998, Paul Wetzel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn jáde lórí lílo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ń kọ́ ọkọ̀ ogun F-16. Ọwọ́ olùkọ́ ni wọ́n fi àwòrán ojú náà lé, kì í ṣe ọwọ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ inú ilé ìwádìí.

Ìyípadà tí èyí mú bá ọ̀rọ̀ tí ń wáyé láàárín olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni ó yẹ kí a dúró lé lórí. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń balẹ̀ nínú ọkọ̀ ìdánrawò, ọkọ̀ sì rì kọjá ibi tí ó yẹ. Láyé àtijọ́, olùkọ́ a ní, “O kò wo aago gíga rẹ.” Akẹ́kọ̀ọ́ a ní, “Mo wò ó, sà.” Olùkọ́ a binú, akẹ́kọ̀ọ́ a dákẹ́, nítorí kò yẹ kí ọmọ bá àgbà jiyàn, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ohun kan. Nísinsìnyí àwọn méjèèjì a jọ wo àwòrán. Wọ́n lè rí i pé lóòótọ́ ni ojú ọmọ náà ń lọ sí aago gíga ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí aago eré bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ojú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì kúrò níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti irọ́ tàbí àfojúdi mọ́. Ojú tí ẹ̀rù mú ni a rí, a sì lè tọ́ irú ojú bẹ́ẹ̀ sọ́nà.

Síbẹ̀, èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ fún wa níhìn-ín, nítorí ó ya wíwò sọ́tọ̀ kúrò lára rírí. Ẹ̀rọ ń sọ ohun tí awakọ̀ wò. Kò lè sọ ohun tí ó rí. Ojú lè dúró lórí aago kí ọkàn wà ní ibòmíràn, bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dojú kọ pátákó tí kò sì mọ ohun tí olùkọ́ kọ síbẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ó ń wo ohun kan dáradára lè kú nítorí ohun mìíràn. Ní ọjọ́ 29 oṣù December, ọdún 1972, nítòsí Miami, àwọn awakọ̀ ọkọ̀ Eastern Air Lines kan fi gbogbo ojú sí gílóòbù kékeré kan tí kò tàn. Ọkọ̀ náà ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wọ inú irà, ènìyàn 101 sì ṣòfò. Ojú wọn kò sùn rárá.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àjọ BEA ti ilẹ̀ Faransé fi ṣe pàtàkì. Ní 2013 ni wọ́n gbé ìròyìn jáde lórí àkókò tí ọkọ̀ bá pa bíbalẹ̀ tì tí ó tún gòkè padà. Wọ́n lo ẹ̀rọ títọpa ojú nínú ọkọ̀ ìdánrawò, ohun tí wọ́n sì bá pàdé ni pé iṣẹ́ a máa wọ́ jọ láàárín àáyá díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú awakọ̀ kejì, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣọ́ ekejì rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè ṣọ́ ọ. Ọgbọ́n Fitts ni ó padà wá: ìlànà iṣẹ́ ni kí a yẹ̀ wò, kí a tó kan ènìyàn lábùkù.

Ohun méjì ni ó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́ ni àwòkọ lásán. Ojú ọ̀gá ń lọ sí ibi tí ó ń lọ nítorí ohun kan tí ọ̀gá náà ń retí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ́ ìfò ojú sórí bí ẹni kọ́ ijó yóò máa jó nígbà tí ìlù ti yí padà. Èkejì le ju ìyẹn lọ: ta ni ó ni àkọsílẹ̀ ojú ènìyàn? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mọ̀ pé a lè gbé ìrìn ojú òun lọ sí iwájú ìgbìmọ̀ tí yóò lé òun jáde, yóò kọ́ bí a ti ń ṣe ojú ayé fún ẹ̀rọ. Yóò máa wo aago nítorí kámẹ́rà, kì yóò wò ó nítorí ọkọ̀. Inú kíláàsì ni ó yẹ kí àkọsílẹ̀ náà máa gbé, kí ó sì kú síbẹ̀.

Ní Zaria ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ òfuurufú sílẹ̀ sí ní 1964, ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara náà sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìlọrin lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀rọ títọpa ojú wọ́n lówó, ó sì ń fẹ́ ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà tí àwọn olùkọ́ awakọ̀ ti ń lò kí ẹ̀rọ náà tó dé, tí kò ná wọn ní nǹkan kan: wọn a fi bébà bo aago kan lójijì, wọn a dákẹ́, wọn a sì máa ka iye àáyá tí yóò kọjá kí akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ̀rọ̀.